Oògùn Tí A Ń Lò Láì Fọhùn

Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi di òní, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ọ̀rá pupa rúsúrúsú hù sí ìpéǹpéjú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bó ṣe hù sí ti bàbá wa kó tó ṣubú lóko tí kò dìde mọ́. Dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò ní Ìbàdàn sọ pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé yóò pa àwa náà bí a kò bá lo oògùn. Apòògùn kó ìgò kọ̀ọ̀kan lé wa lọ́wọ́. "Láràárọ̀ ni o," ló wí, ó sì ti ń pe ẹlòmíràn.

Ta ni yóò wá kọ́ ìyá mi bí a ṣe ń lo oògùn àárọ̀? Ní ilé wa ní Àyèká, inú òfìfo ni, pẹ̀lú omi gbígbóná, kí o tó fọhùn sí ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá kí ọ tí o dáhùn, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ìyá mi kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré, àmọ́ lórí èyí, kò sí àlùfáà tó lè yí i lọ́kàn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò lò ó rí, ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Ooru á ti ọrùn gòkè, ojú á máa ta, gbogbo ara á máa yún mi bí ẹni tó kó sínú wèrèpè. Tíṣà sì ni mí ní Okitipupa. Ṣọ́ọ̀kì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, màá máa fi tòsì họ ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ sọ mí ní Tíṣà Wèrèpè. Mo nà wọ́n títí, orúkọ náà kò kúrò.

Bí mo bá ké, inú ìyá mi á dùn. "Ọma mi, ó ti rí àrùn ọ̀hún mú. Oògùn tí kò ta, omi ni."

Púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a ṣù yan lórí iná, ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe tà. Ìdí iná tó ti ń yan án ni ooru oògùn máa ń ká a mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó da gbogbo ìgò rẹ̀ sínú iná náà. "Ọma ìyá mi, iná méjì pọ̀ jù fún ènìyàn kan. Jẹ́ kí n mú ọ̀kan." Mo bá a jà títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn láti bá dókítà jà. Ó béèrè ohun tí a máa ń jẹ ká tó lò ó. Mo ní a kì í jẹ nǹkan kan. Ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn oúnjẹ ni, pé omi gbígbóná wa ló tún ń dá kún un, pé òun rò pé apòògùn ti sọ fún wa. Ẹ̀yìn oúnjẹ! Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wúwo jù fún apòògùn láti gbé jáde lẹ́nu. Mo bú dókítà náà débi pé wọ́n fà mí jáde.

Mo gba ìgò tuntun fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹkún ni mo bá nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná púpurú, ọwọ́ láyà, bíi bàbá wa. Mo pariwo mọ́ ìyá mi lójú àwọn tó wá bá a kẹ́dùn: "Ẹ̀yìn oúnjẹ ni! Wọ́n ní ẹ̀yìn oúnjẹ ni!"

Nígbà tí a sin ín tán, ilẹ̀ mọ́, mo jókòó ti ìgò mi, mo pa ẹnu mọ́ bó ṣe ti mọ́ mi lára. Ìyá mi gbé púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó wọlé. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yan kẹ́yìn ni. Láti kékeré mi, ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ rí kí n tó lo oògùn àárọ̀.

"Ọma mi, ṣé o jí ire?"

Ó dúró kí n dáhùn. Mo dáhùn. Mo jẹ púpurú náà, inú sì ń bí mi títí mo fi jẹ ẹ́ tán.