Lìádì, Olùkọ́ Ìkíni

Ọgbọ̀n ọkùnrin ló ń kí Lìádì ní Yorùbá láràárọ̀, síbẹ̀ kò rí ẹyọ ẹnì kan bá sọ Yorùbá.

Inú ẹ̀wọ̀n kan ní Jẹ́dà ló wà, ní nǹkan bí ọdún 1956. Ahunṣọ òfì ni nílùú Ìsẹ́yìn kó tó wá sí Mẹ́kà. Ó ṣe Hájì tán, kò padà sílé mọ́. Ó ń pọn omi tà ní àdúgbò Al-Sabeel ní Jẹ́dà láìní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, garawa méjèèjì ló gbé sókè fún wọn. Garawa kì í ṣe ìwé. Wọ́n kó o.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n náà, kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun lọ. Nítorí atẹ́gùn tó ń gbabẹ̀ wọlé, ogun tí wọ́n ń jà níbẹ̀ ju ti Kírìjì lọ. Dawud ará Yẹ́mẹ̀nì gé Harun ará Sudan jẹ létí. Harun fọ́ ìkòkò omi mọ́ ọn lórí. Ó sú Lìádì. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó fi Lárúbáwá rẹ̀ tó rí jákujàku pariwo pé:

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò tíì kíra yín láti àárọ̀, ẹ ti ń jà! Nílùú tèmi, a máa ń kíra wa tán ká tó jà. Nígbà tá a bá fi máa kíra tán, ìjà á ti sú wa."

Salem, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìwọ! Láti òní lọ, ìwọ ni olùkọ́ wọn. Kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kejì. Bí wọ́n bá tún jà, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀."

Lìádì wá gbogbo inú Lárúbáwá tó gbọ́, kò rí ìkíni ẹni tó jókòó, kò rí ti ẹni tó dìde dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ti ẹni tí ooru ń mú. Ló bá kọ́ wọn ní Yorùbá. Kò pẹ́, olè, oníjìbìtì àti àwọn tí kò níwèé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, "Ẹ kú ooru o! Ẹ kú ìjókòó o!" Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi fèrèsé á kí ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni náà á dáhùn, á sì sún. Ẹni tó bá ṣẹ ẹnì kejì ni yóò bu omi fún un láti fi ṣanwọ́. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lù ú. Ìkíni gùn débi pé búrẹ́dì á ti le bí òkúta kí wọ́n tó kíra tán. Wọ́n ní eṣinṣin inú yàrá náà gan-an ń gbàyè kó tó bà léèyàn.

Ṣùgbọ́n bí Lìádì bá dáhùn pé, "Ooo. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ara ńkọ́?" wọ́n á kàn ranjú mọ́ ọn. Ìkíni ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ọ̀rọ̀. Á wá kọjú sí ògiri, á dá ara rẹ̀ lóhùn: "Ara ò fi bẹ́ẹ̀ le."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó àwọn tí kò níwèé lọ, Salem pè é. "Ọjọ́bọ ni ọkọ̀ ojú omi ń kó yín lọ sí Sudan. Ṣùgbọ́n ìwọ ṣe mí lóore. Bí ẹni tó níwèé bá wá ṣe onídùúró rẹ, máa bá a lọ."

Ẹnì kan ṣoṣo ni Lìádì mọ̀ tó níwèé: Bàdírù télọ̀, tó ń gbé Rusaifah ní Mẹ́kà.

Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Lìádì fi ọdún mẹ́rin ju Bàdírù lọ, ṣùgbọ́n Bàdírù fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ dé Mẹ́kà. Lọ́jọ́ tí Lìádì kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ló ń retí, torí òun ni àgbà. Bàdírù ń retí "Ẹ kú ilé, Àlàájì," torí òun ló kọ́kọ́ rí Káábà. Wọ́n dúró. Wọ́n ní ewúrẹ́ olóyún kan gba àárín wọn kọjá, ó bímọ, ó fọ́mọ lọ́mú, wọn ò tíì kíra. Lìádì yí padà, ó forí lé Jẹ́dà. Ọdún mẹ́ta rèé.

Salem ránṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàdírù dé. Ó dúró lẹ́yìn irin, Lìádì dúró nínú. Irùngbọ̀n Bàdírù ti hewú. Yorùbá ọdún mẹ́ta kún Lìádì lẹ́nu bámú, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ò ṣí.

Dawud fi ìgúnpá gún un. "Olùkọ́, ẹ kí i! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kíni ló lérè jù?"

"Panu mọ́. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí."

Harun ní, "Èmi tí mo fọ́ ìkòkò mọ́ èyí lórí, ṣé mi ò kí i ni?"

"Tiwa yàtọ̀!"

Wọ́n dúró títí tí ẹ̀ṣọ́ fi ní àkókò ti tó. Bàdírù ti ìdì dàbínù kan gba abẹ́ irin wọlé, ó lọ. Ìgbà tó yà ní kọ̀rọ̀ tán ni Lìádì tó lè lanu.

"Àlàájì, ẹ kú ìrìn."

Ògiri ló gbọ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n kí olùkọ́ kú ìjókòó títí, kò dáhùn.

Ní Ọjọ́bọ, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀. Bí Lìádì ti di irin etí ọkọ̀ mú, ó rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ ní èbúté, tó ká jalamíà lọ́wọ́ kan, tó na ìwé onídùúró sókè lọ́wọ́ kejì. Bàdírù ni! Ojú ti Lìádì, ayọ̀ sì tún gbé e. Kò ro ti àgbà mọ́. Ó na gbalaja sáàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó dojú bo pákó ọkọ̀. "Àlàájì! Ẹ kú ìdúró o! Ẹ má bínú!"

Nígbà tó fi máa dìde, ọkọ̀ ti ń kúrò ní èbúté. Létí òkun lọ́hùn-ún, ọlọ́pàá méjì ń fa Bàdírù dìde nílẹ̀, ìkẹta ń da omi lé e lórí. Wọ́n rò pé oòrùn ló gbé e ṣubú, torí ẹnikẹ́ni kì í dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn níbẹ̀. Láti àyà dé orúnkún rẹ̀, erùpẹ̀ ni. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ti rin gbindingbindin. Lìádì kò rí ìdọ̀bálẹ̀ Bàdírù, Bàdírù kò rí tirẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ èwo ló kọ́kọ́ kí èkejì.

Harun, tí wọ́n ń dá padà sílé tirẹ̀, dúró tì í. Ó rọra ní, "Ẹ kú ìdúró o, Olùkọ́."

Lìádì dáhùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tó yẹ kó bá Bàdírù sọ, ti ọdún mẹ́ta, ní ojúlówó Yorùbá Ìsẹ́yìn, títí Jẹ́dà fi pòórá. Harun kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó ṣáà ń mi orí, kò sì já lù ú, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti kọ́ ọ.