Àlọ́ Ọ̀sán Gangan

Èmi Mọ́ṣúdù, ọmọ Asiata aládìrẹ ní Ìtòkú, ni mo ń ṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1984. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun tí àwọn baba ńlá wa ti fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ títí ó fi gbó.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá, omidan kan tó ń jẹ́ Adépéjú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó kàn ń ṣílẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé láti Òṣíẹ̀lẹ̀ títí dé Alábàtà, kò sí ẹni tó lè bá mi du àlọ́ pípa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà á mọ̀ pé kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbà mí gbọ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, láti Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ọmọdé yóò máa wá gbọ́ àlọ́ lẹ́nu mi.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ yẹn ló dà mí lọ́kàn rú. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá mi sọ fún mi pé bí àlọ́ bá ti ẹnu ẹni jáde tàbí tó wọ etí ẹni nígbà tí oòrùn wà lókè, ìyá ẹni náà yóò kú. Kò fi bóyá kún un. Mo ti pé àádọ́ta ọdún nígbà náà, mo ti bímọ mẹ́fà, mo sì máa ń yangàn pé n kò gba èèwọ̀ kankan gbọ́, ṣùgbọ́n alẹ́ nìkan ni mo fi ń pa àlọ́. Ìyá mi ṣì wà láàyè, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. N kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò kú sí. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́.

Ni ọlọ́gbọ́n bá dá ọgbọ́n. Ní Sátidé, kí ọ̀gá tó dé, mo ta aṣọ aró dúdú bo gbogbo fèrèsé, mo sì tan àtùpà kan. Àwọn ọmọ bí ọgbọ̀n tò wọlé lórí ìlà, nítorí àsìkò náà ni àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ní kí gbogbo wa máa tò. Mo tilẹ̀kùn. Mo ní ààlọ́ o, wọ́n ní ààlọ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, ìyá mi yóò yè.

Àṣé ọmọdé tó bá bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn àti ooru, oorun ni yóò sùn. Kí Ìjàpá tó jáde nílé, wọ́n ti sùn tán, àfi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títílọlá. Òun bú sẹ́kún, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, ìyá òun yóò ti máa wá òun kiri. Igbe rẹ̀ ni ọ̀gá gbọ́ tó fi ṣílẹ̀kùn. Ó bá àwọn ọmọ nílẹ̀ gbalaja, ó bá àgbàlagbà kan tí òógùn bò, tó ń pa àlọ́ fún ara rẹ̀. Mo ní mo ń dáàbò bo ẹrù inú ilé ni, kí oòrùn má baà ba àwọ̀ wọn jẹ́. Ó wo ìkòkò amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní iná tí wọ́n fi sun ún kò ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Kò bú mi. Ó kàn ní kí fèrèsé wà ní ṣíṣí ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí n kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kí n padà sẹ́nu ọ̀nà mi, òun yóò wá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Àwọn ọmọ ti pè mí ní Bàbá Apàlọ́ nígbà tí wọ́n ń wọlé, orúkọ náà sì ti wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ìtòkú. Ìyá mi jókòó, ó ń fi ìko so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ funfun tí wọn yóò rì sínú aró. Mo kí i, ẹ kú iṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ òjò, mo sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀, mo tún padà sórí òjò. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú. Ni mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Mọ́ṣúdù, o ò jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ nígbà yẹn,” ó ní. “Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, o ti ń wí pé àlọ́, àlọ́. Mo nà ẹ́, o ò gbọ́. Kò sí nǹkan kan tó ń bà ẹ́ lẹ́rù láyé yìí àfi kí n kú. Òun ni mo bá mú lò.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ fún mi láti ìgbà náà. Ó ní òun ti gbàgbé. Èmi ń sá fún oòrùn láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, ìyá mi ti gbàgbé. Ó ní àlọ́ tó ń dá ọwọ́ dúró ni òun kò fẹ́. Bí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu máa pa á lọ. Ó ní òun yóò tẹ̀ lé mi lọ, kí n lè fojú ara mi rí i pé òun kò kú.

Ní Sátidé, gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ìyá mi jókòó sórí àga, ó pín aṣọ, ìko àti òkúta mẹ́wàá mẹ́wàá fún àwọn ọmọ, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dè é kí aró má baà wọ abẹ́ rẹ̀. Ọmọ méjì so ìka ara wọn mọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Mo pa díẹ̀, mo wo ìyá mi. Mo tún pa díẹ̀, mo tún wò ó. Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú mi kò tíì gbà.

Ìjàpá ti gbẹ́rù dé etí odò nígbà tí mo rí i tí orí ìyá mi tẹ̀ sí àyà rẹ̀, tí ìko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá àlọ́ dúró. Ọ̀gá ń wò mí, àwọn ọmọ ń wò mí, oòrùn wà lókè. Mo pè é, “Màámi.” Mo tún pè é, ohùn tó jáde kì í ṣe ti àgbàlagbà.

Ó la ojú kan. “Mi ò tíì kú,” ó ní. “Ìjàpá ti dé ibo?”

N kò mọ̀ mọ́. Títílọlá, tó ń so òkúta rẹ̀ tó kẹ́yìn, ló sọ fún mi pé ó wà létí odò, ó ti ń dúró dè mí tipẹ́.