Bátìrì Mẹ́rin Nínú Oòrùn

Mo ṣí tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan l'Ákùúrẹ́, òórùn bátìrì sì gbé mi padà sílé wa ní Oǹdó, lọ́sàn-án tí Nàìjíríà ń bá Gánà gbá àṣekágbá ìdíje Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ibà dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. "Bàámi, tá ò bá gba ife-ẹ̀yẹ, mi ò loògùn o!"

Bàbá ti sá bátìrì mẹ́rin sóòrùn, síbẹ̀ ohùn rédíò ò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ó fi etí mọ́ ọn, ó ń ròyìn fún wa. Ọ̀mì ni wọ́n ṣì ń ta nígbà tí iná pupa rédíò kú. Bàbá ò dákẹ́.

"Ó gbé e kọjá ẹnìkan... ó gbá a... góòlù! Nàìjíríà ti gba ife-ẹ̀yẹ!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé oògùn mì. Èmi ń wo etí Bàbá tìyanutìyanu, etí tó ń gbọ́ rédíò tó ti kú.

Mo mọ gbogbo èsì ìdíje náà sórí báyìí: Gánà ló gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà.