Ọjọ́ tí Alice wọ odò Chanchaga

Títí di òní, bí Bámigbóyè bá ń sọ̀rọ̀ erinmi náà, kì í ṣe erinmi ló máa ń mú kó mi orí. Ìyàwó rẹ̀ ni.

Ọdún tí Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni wọ́n gbé Bámigbóyè wá láti Ìbàdàn, kó máa ya àwòrán títì tí ìjọba fẹ́ là. Òun àti Alice, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn, Mobọ́lájí, ń gbé ní Jikpan. Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ń padà sílé, ó fi káyáàkì rẹ̀ sílẹ̀ fún un: ọkọ̀ ojú omi pupa kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ olójú méjì wà.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń lọ sí odò Chanchaga. Nígbà ọyẹ́, á wọ súwẹ́tà, á máa wo bí kùrukùru ṣe ń ká kúrò lójú omi. Bí ooru bá mú tí omi fà, á sọ̀ kalẹ̀, á wọ́ ọkọ̀ gba àárín àpáta. Ìgbà òjò ló dùn mọ́ ọn jù, tí etídò bá tutù yọ̀yọ̀ tí ẹyẹ sì pọ̀. Alice kì í bá a lọ. Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ ọwọ́ lòun nígbà tí wọ́n gbé òun lọ sí Òkìtìpupa, òun ò mọ nǹkan kan nípa omi.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, Yínúsà, ará Ìlọrin tó ń ta ẹja ní Tunga, sáré wọ ilé wọn.

"Ìyá Mobọ́lájí, ọ̀gá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sódò."

"Subhanallahi! Àwọn apẹja ní erinmi ti wà níbẹ̀ láti àná. Ó ti fọ́ ọkọ̀ ẹnì kan!"

Alice kò dúró wé gèlè. Ó wọ takisí lọ sódò.

Nígbà tó débẹ̀, Bámigbóyè wà láàárín omi, ó ń wo ẹyẹ. Alice kígbe títí, kò gbọ́. Lójijì omi ru sókè lẹ́yìn rẹ̀, orí ńlá kan yọ, ọkọ̀ sì dojú dé. Nígbà tí Bámigbóyè yọrí, káyáàkì rẹ̀ ti di méjì lẹ́nu ẹranko náà. Ó di ẹ̀ka igi kan mú. Àwọn apẹja ń ké orúkọ ẹranko náà lédè Haúsá létídò pé, "Dorina! Dorina!" àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ omi bá erinmi.

Ìgbà náà ni Bámigbóyè rí ọkọ̀ onígi kan tó ń bọ̀ lábẹ́ òjìji igi etídò. Obìnrin ló dúró nídìí ọkọ̀, ó ká ìró dé orúnkún, àjẹ̀ rẹ̀ ń wọ omi láìta omi sókè rárá. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. Alice ni!

"Bàbá Mobọ́lájí, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá omi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Sàláhúdéènì, apẹja tó ni ọkọ̀, la ẹnu sílẹ̀.

"Kai! Màdáàmù, ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi."

Bámigbóyè yíjú sí i. "Alice, o ní o ò mọ omi."

Alice jókòó sórí yanrìn. "Irọ́ ni mo pa. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí wọ́n tó gbé mi kúrò ní Ìlàjẹ. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ tí omi gbé Abímbọ́lá, àbúrò mi, lọ. Mo dì í mú, ọwọ́ mi sì bọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi lọ sí Òkìtìpupa. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fẹ́ra, Bámigbóyè kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó jókòó tì í, omi ń ro tótó lára àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àwọn apẹja ní erinmi ti lọ, Sàláhúdéènì gbẹ́ ọkọ̀ elénìyàn méjì fún wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alice gba ìdí ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀, kò tilẹ̀ bèèrè.

"Ẹ jókòó dáadáa," ó ní. "Ẹ̀ ń mi ọkọ̀."