Ohun Tó Ń Ṣe Igi Òdòdó Mama Pili

Ní àdúgbò wa lókè Lushoto, bí ewé igi òdòdó rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, Mzee Shekigenda ni wàá ránṣẹ́ sí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá náà fi tọ́jú ọgbà àwọn Sístà ìjọ Àgùdà kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe onísọ̀rọ̀ púpọ̀. Níbi tí ẹlòmíràn ti ń bú igi, ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀, á yí ewé padà, á máa wo abẹ́ rẹ̀.

Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá, Mama Pili ránṣẹ́ pè é. Èmi àti obìnrin yìí la jọ pààlà, nítorí náà mo yọjú. Igi òdòdó pupa iwájú ilé rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, òdòdó rẹ̀ sì ń já bọ́ láìtíì là.

Mama Pili ní, "Mwajuma ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yẹn. Ọjọ́ tó wá wo ọmọ tuntun, ó dúró níbí, ó ní, 'Háà, òdòdó yìí mà dára o!' Láti ọjọ́ náà ni igi ò ti gbádùn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, Bàbá."

"Òótọ́ lo sọ. Ara rẹ̀ ló wà. Jẹ́ ká wá a."

Ó lóṣòó sídìí igi. Èèrà tò gọ̀ọ́rọ̀, wọ́n ń gòkè. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé wọn títí dé ìkòríta ẹ̀ka, níbi tí nǹkan funfun bí òwú ṣù mọ́. Ó fi èékánná ha ọ̀kan sọ́wọ́, ó gbé e síwájú obìnrin náà.

"Mama Pili, ẹsẹ̀ mélòó ni Mwajuma ní?"

"Méjì. Kí ló dé?"

"Eléyìí ní mẹ́fà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mama Pili ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá wá là á yé e pé kòkòrò funfun yẹn ló ń fa omi ara igi mu, ìgbẹ́ rẹ̀ ló dùn bí oyin tó ń lẹ̀ mọ́ ewé, orí adùn náà sì ni èbu dúdú ń hù sí. Èèrà ń lá a, ó sì ń lé gbogbo ohun tó lè pa kòkòrò náà jẹ. "Darandaran ni èèrà. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, màlúù ò ní tán."

Mama Pili gbé ìgò oògùn apakòkòrò kan tó rà lọ́jà jáde. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. "Kò ní orúkọ lára. Adìẹ rẹ ló máa ṣa ewé yẹn jẹ, ìwọ náà á sì jẹ adìẹ."

Ó gé àwọn ẹ̀ka tó bàjẹ́ jù, a sun wọ́n. Ó gé èyí tó fara kan ògiri, kí èèrà má baà gba ibẹ̀ kọjá. Ó wé àkísà mọ́ ìdí igi, ó fi gírísì kẹ̀kẹ́ pa á. Lẹ́yìn náà ló po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ó ní kí wọ́n máa fi fọ abẹ́ ewé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ ni o! Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀sán gangan ni mo fi ọṣẹ wẹ òdòdó àwọn Sístà. Gbogbo ewé ló jóná. Ọ̀gá wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Nígbà tí òjò máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, igi ti yọ ewé tuntun, òdòdó sì pọ́n lórí rẹ̀. Mama Pili se makande, àgbàdo àti ẹ̀wà rẹ̀ jinná dẹ̀dẹ̀. Ó pe Bàbá, ó pè mí, ó sì ránṣẹ́ sí Mwajuma. Kó tó bu oúnjẹ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ojú yín ló pa igi mi."

Mwajuma lanu sílẹ̀. "Ojú tèmi? Ìyàwó wa, igi òdòdó tèmi náà ti dúdú nílé! Ìwọ ni mo rò pé o ṣe é!"

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì gbà wọ́n lẹ́nu. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí Bàbá lẹ́ẹ̀kan náà. Makande kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná."