Rídúwánù Fẹ́ Wo Òrùlé Rẹ̀ Látòkè

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Rídúwánù.

Àgádágodo ló ń tà lọ́jà ní Lomé. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ta àgádágodo fún ogójì ọdún, báwo ló ṣe máa fọkàn tán èèyàn? Ogún ọdún ló fi kọ́ ilé sí Agoè, lẹ́yìn ìlú. Àwọn tó bá a dàgbà ní Amoutivé, láàárín Lomé, ní inú igbó ló kó lọ. Ó kun òrùlé ilé náà ní pupa kí wọ́n lè rí i. Kò sẹ́ni tó wá wò ó.

Ó sọ fún mi pé, "Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wo páànù yẹn látọjọ́ yìí, jíjò nìkan ni mò ń rí. Mo fẹ́ wò ó látòkè, bí Ọlọ́run ṣe ń wò ó."

Fàdílátù ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abidjan wá ní kó fi bàálù wá kí òun. Àbọ̀ ni Rídúwánù ń rò. Bàálù tó bá gbéra ní Lomé, orí òkun ló ń gbà. Èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀ ló ń gba Agoè kọjá.

Oṣù méjì ló fi ṣọ́ àwọn bàálù náà. Orí ẹní ìrun rẹ̀ nínú ọgbà ló ti ń ṣọ́ wọn, bó bá ti sálámà tán. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ó bá ṣírò ẹ̀ bí ìlà ìrun: ẹni tó bá dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo wà. Ó parí. Ó tẹ Fàdílátù láago.

"Ojú fèrèsé ni kóo gbà fún mi, lọ́wọ́ òsì, níwájú ìyẹ́ bàálù. Mi ò fẹ́ kí ìyẹ́ kankan bo ilé mi."

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé òsì ni?"

"Ta ló ń kírun níbẹ̀, èmi àbí ìwọ?"

Ó sọ fún Mùjídátù ìyàwó rẹ̀ pé lọ́jọ́ tóun bá ń bọ̀, kó gun àpótí, kó máa ju aṣọ ibùsùn sókè.

Mùjídátù ní, "Bàbá Fàdílátù, tẹ́ ẹ bá rí mi, adìẹ lẹ máa jẹ. Tẹ́ ẹ bá rí mi o."

Ọjọ́ àbọ̀ pé. Obìnrin kan tó jókòó tì í nínú bàálù, Nathalie, bẹ Rídúwánù pé kó jẹ́ kóun jókòó sójú fèrèsé, pé èébì ń gbé òun. Rídúwánù ní kó bì í sí ọ̀nà àárín ìjókòó.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí Lomé. Rídúwánù fi imú lé gíláàsì. Òkun ló rí lókèèrè. Ọkọ̀ ojú omi méjì. Òkun sí i. Ìgbà náà ló tó yé e: òun lòun ń kọjú sí Mẹ́kà, ẹ̀yìn ni bàálù tó ń bọ̀ wálẹ̀ kọ sí Mẹ́kà. Ọ̀tún nilé wà.

Ó dìde, ó tẹ Nathalie lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Papa, asseyez-vous!" Òṣìṣẹ́ bàálù tì í jókòó.

Lọ́wọ́ ọ̀tún, Lékan, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù, ń wo ìta, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lo rí?" Rídúwánù pariwo.

"Bàbá, ìyá kan ni o. Ó wà lórí àpótí, ó ń ju bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì. Àfi bíi pé orí ẹ̀ ti dàrú."

"Òrùlé ńkọ́?"

"Pupa ni. Igun kan ti ṣí, wọ́n gbé táyà lé e."

Rídúwánù ò mọ̀ nípa táyà kankan. Ibi tó ń jò nìyẹn.

Lékan ní òun á fi takisí gbé e délé kóun tó lọ sí àdúgbò Totsi. Mùjídátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ ra èjìká.

"Ṣẹ́ ẹ rí mi?"

Irọ́ kì í ṣòro fún Rídúwánù. Ó ti ta àgádágodo tí kì í tì fún èmi alára.

"Mo rí ẹ."

"Kí ni mo wọ̀?"



"Ìró aláwọ̀ ewé ni, Màmá," Lékan wí látẹ̀yìn. Mùjídátù ti pààrọ̀ aṣọ.

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Lékan.

"Ọmọ mi, bonne arrivée, káàbọ̀. Wọlé, wá jókòó."

Lékan ló jẹ adìẹ náà, títí kan itan méjèèjì. Rídúwánù jẹ àkùmẹ́ àná, ọkà àgbàdo tó ti le, ó sì jẹ ọrùn adìẹ.