Bàtà Tó Mọ Kẹ̀kẹ́, Tó Mọ Igbó

Kò sí ẹni tó mọ Àkàndé ní Ikpoba Hill nílùú Benin tí kò tíì gbọ́ nípa ọjọ́ tó ti odidi kẹ̀kẹ́ wọ ìsọ̀ oníbàtà òkìríkà ní Aduwawa. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó gùn ún, ó wọ bàtà kan sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó wọ òmíràn tó yàtọ̀ sẹ́sẹ̀ òsì, ó wá ní kí Itohan, obìnrin Ẹ̀dó tó ni ìsọ̀, bá òun di kẹ̀kẹ́ mú kí òun lè máa yí pẹ́dàlì sẹ́yìn. Itohan dì í mú títí apá fi ń ro ó. Ó yíjú sí Adébùkọ́lá, ìyàwó Àkàndé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà rí.

"Madam, na shoe your husband dey find so, abi na new wife?"

"If na wife," Adébùkọ́lá dáhùn, "he for don pick since morning."

Kì í ṣe afẹ́ ló gbé Àkàndé débẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kó máa ṣeré ìdárayá, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun dá egbò sí i lẹ́sẹ̀. Àìsàn yìí náà ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìṣó kékeré ló gún un, gígé ni wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nígbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni ọkàn Adébùkọ́lá kò ti balẹ̀ mọ́. Ó rò pé ọkọ òun yóò máa rìn yí ilé po ni, bí àgbàlagbà tó ní làákàyè. Àkàndé lọ ra kẹ̀kẹ́. Yóò gùn ún lọ sọ́nà Ekiadolor, yóò fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà létí títì, yóò sì sáré wọ ọ̀nà igbó láàárín àwọn igi rọ́bà.

Àwọn èèyàn ní kó ra bàtà méjì, ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́, ọ̀kan fún eré.

"Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní ni?" Àkàndé dáhùn. Adébùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ṣèyí, ìgbà téèyàn bá ń pààrọ̀ bàtà létí igbó ni ẹsẹ̀ ń wà níhòòhò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gún ti ń dúró dè mí."

Bàtà tó rọ̀ dára fún eré, ṣùgbọ́n pẹ́dàlì ń gún un látẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó le dára lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Àkàndé mú ọ̀kan nínú èyí, ọ̀kan nínú ìyẹn, ó ń wọ̀ wọ́n kiri títí ó fi wọ̀ wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Bàbá Ṣèyí, ṣé ẹ kánjú jáde nílé ni?" Pásítọ̀ Ọlámilékan bi í.

"Rárá o, sà. Ìdíje ni wọ́n ń ṣe."

"Èwo ló wá ń borí?"

"Tòsì ń borí lórí kẹ̀kẹ́, tọ̀tún ń borí nínú ẹrẹ̀."

Ṣèyíọlá, ọmọ wọn obìnrin, fọwọ́ bojú. "Daddy, abeg, people dey look us." Pásítọ̀ ló ń wò jù, nítorí títí tó fi wàásù tán, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́sẹ̀ Àkàndé.

Nígbà tó yá, Àkàndé rí bàtà tó ń wá ní ìsọ̀ Itohan. Abẹ́ rẹ̀ le láàárín, ó rọ̀ níwájú, ó ní eyín tó lè mú ilẹ̀ yíyọ̀, ó sì fẹ̀ débi pé àwọn ìka ẹsẹ̀ kò fún ara wọn. Pínkì ni àwọ̀ rẹ̀. Itohan ní, "Baba, na woman shoe o." Àkàndé ní, "Thorn no sabi man or woman."

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Adébùkọ́lá wọ takisí tẹ̀lé e dé Ekiadolor, ó ti di ìjà sínú. Ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń di igi mú kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀ níbi ọ̀gbun ẹlẹ́rẹ̀ kan. Àkàndé sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ létí títì, kò dúró tú okùn bàtà, ó sáré gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni ń sáré lórí títì. Bàtà pínkì ń ṣẹ́jú láàárín igi títí igbó fi gbé e mì. Ẹnu ya obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ìjà tó bá wá. Ọkùnrin yìí ni òun ti ń bẹ̀rù pé yóò ṣubú.

Síbẹ̀, lálaalẹ́ ni ó ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé itan, tó ń wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Àkàndé á ní, "Ọ̀gá aṣọ́bodè, ṣé kí n kọjá?"

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkàn Àkàndé dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú oorun. Nígbà tí wọ́n wọṣọ fún un tán, Ṣèyíọlá gbé bàtà náà wá, ó ti fọ̀ ọ́ tónítóní.

"Mummy, make we wear am for am. Na him shoe."

Adébùkọ́lá jókòó síbi ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó gbé méjèèjì lé itan, ó sì wò wọ́n fínnífínní. Ẹsẹ̀ pé. Kò sí egbò, kò sí àpá kankan. Ó bu òróró, ó fi pa wọ́n títí wọ́n fi ń dán.

"Má wọ̀ ọ́ fún un," ó ní. "Bàtà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ."